Àjọṣe àti Aṣáájú nínú Ikọ̀ Agbábọ́ọ̀lù: Àwọn Ìbéèrè tó Máa Ń Jẹyọ ní Ìkòròdú, àti Ìdáhùn Wọn

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn tó ń darí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké ní agbègbè Ìkòròdú: akọ́nimọ̀ọ́gbá, balógun ikọ̀, alámòójútó, àti àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láti Ìgbógbó títí dé Ìmọ̀ta. Kò sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn tó ń gbá a ló dá lé lórí.

Kí ni ẹ ń pè ní yàrá ìmúra nígbà tí ikọ̀ wa kò ní yàrá kankan?

Kì í ṣe ògiri àti òrùlé ni à ń sọ. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ní Ìkòròdú ló ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ igi, tàbí nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda fún wọn, tàbí nínú dánfó tó gbé wọn wá. Ibikíbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti wà láàrin ara wọn, tí òǹwòran kò sí níbẹ̀, tí wọ́n sì lè sọ ohun tó wà nínú wọn, yàrá ìmúra nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ń so okùn bàtà. Ó kan ìsinmi ààrin ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, èyí tí òfin keje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sọ pé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ó sì dé orí ìjókòó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé. Lóde òní, ó tún ti wọ orí WhatsApp, níbi tí aáwọ̀ ọ̀sán Sátidé ti lè máa jó títí di ọ̀gànjọ́.

Ṣé dandan ni kí àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ràn ara wọn kí ikọ̀ tó lè borí?

Kì í ṣe dandan, ìtàn Andy Cole àti Teddy Sheringham ní Manchester United sì ti fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1995, nígbà tí Cole kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Uruguay, Sheringham ni wọ́n mú jáde kí ó lè wọlé. Cole retí pé ẹni tó ń jáde yóò bọ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Sheringham gbójú kúrò lára rẹ̀. Cole fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn kì í bá ara àwọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú ikọ̀ tó gba Premier League, FA Cup àti Champions League pọ̀ ní sáà 1998/99.

Ohun tó yẹ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé ìrẹ́pọ̀ ọ̀nà méjì ló wà nínú ikọ̀. Ọ̀kan ni ìrẹ́pọ̀ lórí iṣẹ́: kí n mọ ibi tí o máa wà bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n sì gbà gbọ́ pé o máa dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Èkejì ni ìrẹ́pọ̀ ti ọ̀rẹ́: kí a jọ máa ṣeré, kí a jọ máa jẹun, kí a máa bá ara wa lọ sóde. Èyí àkọ́kọ́ ni ikọ̀ kankan kò lè ṣe aláìní.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àpẹẹrẹ Cole àti Sheringham bẹ́ẹ̀ wá sí Odógùnyàn. Owó oṣù ńlá wà ní Manchester, ọ̀gá tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù wà níbẹ̀, balógun bíi Roy Keane sì wà láàrin wọn. Nínú ikọ̀ tiwa, tí kò sí owó oṣù tó de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a jà. Kò kàn ní wá sí ìdánrawò ní ọjọ́rú, yóò ní òjò ni, tàbí pé iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun. Bí ikọ̀ bá ṣe kéré tó ni ìfẹ́ sí ara wọn ṣe máa ń wúlò nínú rẹ̀ tó, nítorí pé òun nìkan ni ohun tó ń mú wọn padà wá.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé àárín ikọ̀ kò gún mọ́ kí ó tó di ariwo?

Ẹ má wo ẹnu wọn, ẹ wo ìṣe wọn. Ẹ wo àwọn tó máa ń dúró pọ̀ nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n pín ara wọn sí méjì-méjì láti na ara, kí ẹ sì wo ẹni tó máa ń ṣẹ́kù láìní ẹnìkejì. Ẹ wo ẹni tí kò sáré lọ dì mọ́ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlẹ́yìn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá jẹ góòlù: ikọ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn lè lọ sókè, ṣùgbọ́n ojú ara wọn ni wọ́n ń wò, ikọ̀ tó ti ń dà rú máa ń tẹ́ ọwọ́ méjèèjì fún ẹni tó wà ní ẹ̀bá pápá, bí ẹni ń sọ pé, “Kóòṣì, ẹ rí i, kì í ṣe èmi.”

Èyí tó máa ń ṣọṣẹ́ jù, tí òǹwòran kì í sábà rí, ni bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá sí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ tó ń sáré lápá ọ̀tún bọ́ sí àyè, ó na ọwọ́, ẹni tó wà láàrin rí i, ó sì yí padà sí òsì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà kò sáré mọ́, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rìn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wá bọ́, tí àwọn alátakò gbé e gba apá ọ̀tún yẹn kan náà, kò padà sẹ́yìn láti ran ẹlẹ́yìn ọ̀tún lọ́wọ́. Ẹlẹ́yìn ọ̀tún dúró níwájú ènìyàn méjì, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí góòlù bá wọlé, ẹlẹ́yìn ọ̀tún ni gbogbo ayé yóò bú, òun tí kò mọ nǹkan kan nípa aáwọ̀ àwọn méjì yòókù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fi ọmọ náà sórí bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti tọ́jú ojú egbò nìkan.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ pe àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ìyà kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbèsè kékeré ni, tàbí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, tàbí ẹ̀fẹ̀ tó ré kọjá ààlà lórí WhatsApp. Ó rọrùn láti parí bí kò bá tíì pẹ́.

Ta ló yẹ kí a fi ṣe balógun ikọ̀?

Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ní ìlú wa máa ń fi ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù, tàbí ẹni tó dàgbà jù, tàbí ẹni tó jẹ́ àbúrò ẹni tó ra aṣọ fún wọn, sípò yìí. Kò sí èyí tó burú fúnra rẹ̀, àfi ti ìkẹyìn. Òfin bọ́ọ̀lù pàápàá sọ pé balógun kò ní ọlá tàbí àǹfààní àrà ọ̀tọ̀ kankan, ṣùgbọ́n pé ojúṣe kan wà lọ́rùn rẹ̀ lórí ìwà ikọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2024 ni àjọ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù ti gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ìdíje tó bá fẹ́ lò ó, pé balógun nìkan ló lè lọ bá rẹfirí láti béèrè ìdí tó fi dá ẹjọ́ pàtàkì kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n lò ó nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ọdún náà ní Jámánì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná kò lè jẹ́ irú ipò bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn tó.

Mo tún fẹ́ kí àwọn alámòójútó mọ̀ pé ẹni kan ṣoṣo kì í sábà lè ṣe gbogbo iṣẹ́ aṣáájú. Katrien Fransen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leuven ní Belgium tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014, nínú èyí tí wọ́n pín iṣẹ́ aṣáájú láàrin agbábọ́ọ̀lù àti eléré ìdárayá mìíràn sí mẹ́rin: ẹni tó ń tọ́ àwọn yòókù sọ́nà nínú eré gan-an, ẹni tó ń ki wọ́n láyà, ẹni tó ń mú kí àárín wọn dùn lẹ́yìn eré, àti ẹni tó ń bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n bi léèrè ni kò ka balógun wọn sí aṣáájú àkọ́kọ́ nínú ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a ju aṣọ apá balógun dànù. Ó kàn yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wádìí ẹni tí àwọn ọmọ máa ń pè nígbà tí wàhálà bá dé, kí ó má sì fi ẹni náà sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń ṣe ìpinnu. Ní ikọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa, amúlé kejì ni, ẹni tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ pápá rárá.

Báwo ni ọmọ ọdún 19 ṣe fẹ́ máa pàṣẹ fún ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ikọ̀ àdúgbò, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama lè máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú bàbá ọlọ́mọ méjì. Ẹ̀kọ́ ilé kò gbà kí ọmọ náà nàka sí àgbà. Síbẹ̀, bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀,” atamátàsé alátakò yóò ti kọjá kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti gbà yanjú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe òfin, ni àlàjẹ́. Lórí pápá, gbogbo ènìyàn ló ní orúkọ ìnagijẹ, kò sì sí ẹni tó máa bínú pé wọ́n pe àlàjẹ́ òun láìfi ẹ̀gbọ́n ṣáájú. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìparí, ẹ̀gbọ́n padà di ẹ̀gbọ́n, ọmọ náà yóò sì dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn láti jẹ́ kí ìlànà yìí hàn gbangba, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí ó sì jẹ́ àgbà tó wà láàrin wọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ dìde láti sọ pé òun fara mọ́ balógun tuntun náà. Ọ̀rọ̀ àgbà yẹn ni àṣẹ tí ọmọ náà yóò máa lò títí sáà yóò fi parí. Láìsí i, aṣọ apá lásán ló wọ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ pé àbúrò ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n nínú bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ní Atlanta ní ọdún 1996, Kanu Nwankwo ni balógun ikọ̀ tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíḿpíìkì, bẹ́ẹ̀ Jay-Jay Okocha, Sunday Oliseh, Daniel Amokachi àti Emmanuel Amuneke, tí gbogbo wọn ju ú lọ lọ́jọ́ orí, wà nínú ikọ̀ náà. Brazil ti fi àmì ayò 3 sí 1 ṣáájú wọn nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá. Nàìjíríà dá a padà sí 3 sí 3, Kanu ló gbá èyí ìkẹta wọlé nígbà tí àkókò ti ń tán lọ, òun náà ló sì gbá ìkẹrin tó gbé wọn dé àṣekágbá. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìjà àṣekágbá pẹ̀lú Argentina ni ó pé ọmọ ogún ọdún.

Kí ni ká ṣe fún balógun tí kò ráyè wọ pápá mọ́?

Ẹ fi sílẹ̀ nípò rẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ṣì ń gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa wọ aṣọ apá lórí pápá. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Stephen Keshi ti ṣe nìyẹn nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa ní ọdún 2013: Joseph Yobo ni balógun, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ló wà lọ́pọ̀ ìgbà, Vincent Enyeama sì ń darí àwọn yòókù láti ẹnu ilé. Ní àṣekágbá pẹ̀lú Burkina Faso, Keshi mú Yobo wọlé nígbà tí eré ti ń parí lọ, Yobo ló sì gbé ife sókè. Bákan náà ni Ahmed Musa àti William Troost-Ekong ṣe pín iṣẹ́ náà ní Côte d’Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Troost-Ekong sì ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà pàdánù àṣekágbá.

Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ balógun pátápátá, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ lẹ́nu yín, lóun nìkan, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ọ̀rọ̀ ipò yìí dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàrin Enyeama àti akọ́nimọ̀ọ́gbá Sunday Oliseh, wọ́n sì gbé ipò balógun fún Musa. Kò pẹ́ tí Enyeama kéde pé òun kò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà mọ́. Amúlé tó tó bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti rí lọ́dọọdún.

Kí ló dé tí owó fi máa ń tú ikọ̀ ká ju ohunkóhun lọ?

Kì í ṣe nítorí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù nífẹ̀ẹ́ owó ju àwọn ènìyàn yòókù lọ. Owó ni ohun kan ṣoṣo nínú ikọ̀ tí a lè kà, nítorí náà òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá òtítọ́ ni wọ́n ń bá wọn sọ. Àwọn tó gba ife Áfíríkà ní oṣù kejì ọdún 2013 yìí kan náà ni wọ́n kọ̀ láti wọ bàálù ní Windhoek, ní Namibia, ní oṣù kẹfà, nítorí pé wọ́n gé owó àjẹmọ́nú wọn kù; wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé Brazil fún Confederations Cup. Wọ́n fi 6 sí 1 lu Tahiti, ṣùgbọ́n Uruguay àti Sípéènì lù wọ́n lẹ́yìn náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ghana burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìjọba wọn ní láti di owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ sínú ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí Brazil kí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lè gba owó lọ́wọ́, wọ́n lé Sulley Muntari àti Kevin-Prince Boateng kúrò ní ibùdó ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kojú Portugal, wọ́n sì jáde nínú ìdíje ní ọjọ́ náà gan-an.

Iye owó tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dun ọmọ ènìyàn kò yàtọ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìjẹ̀dé dé gáréèjì Ìkòròdú ni, tàbí owó ìdíje àdúgbò tí alámòójútó ní òun ti fi ra bọ́ọ̀lù. Ohun tó máa ń bí àwọn ọmọ nínú jù ni pé wọn kò mọ iye tó wọlé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ka owó lójú gbogbo wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn. Bí ohun tí ẹ ní láti pín bá kéré, ẹ sọ pé ó kéré. Mi ò tíì rí ikọ̀ tó fọ́ nítorí pé owó kò tó. Àwọn tí mo rí tó fọ́, àṣírí ló fọ́ wọn.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn ará ìta kì í ronú sí. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, olówó àdúgbò kan á sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀, á wọ inú pápá, á sì máa lẹ owó mọ́ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n níwájú orí. Inú rẹ̀ dùn ni, kò sì ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n amúlé tó mú pẹnárítì dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ń wò ó, ẹlẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ń wò ó, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń ṣa owó tó bọ́ sílẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé e fún ẹnìkejì. Ikọ̀ tó gbọ́n máa ń fẹnu kò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ pé owó yòówù tí wọ́n bá lẹ mọ́ ẹnikẹ́ni, àpò kan ni yóò wọ̀, kí ẹni tí wọ́n lẹ ẹ mọ́ mú ìdá kan tí gbogbo wọn mọ̀, kí wọ́n sì pín ìyókù. Ẹ má dúró dìgbà tí owó bá ti wà níwájú orí ẹnìkan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Kí ló yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ní ìsinmi ààrin?

Díẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni òfin fàyè gbà, ìdíje àdúgbò mìíràn kì í fún wọn tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi, kí wọ́n mí, kí ìjà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí góòlù tí wọ́n jẹ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun kan tàbí méjì tí wọ́n lè ṣe lójú ẹsẹ̀. Nínú àṣekágbá Champions League ní Istanbul ní ọdún 2005, AC Milan ti lu Liverpool 3 sí òdo ní abala àkọ́kọ́. Rafael Benítez, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool, mú Dietmar Hamann wọlé, ó yí àwọn ẹlẹ́yìn padà sí mẹ́ta, Steven Gerrard tó jẹ́ balógun sì fi orí kan àkọ́kọ́ wọlé. Góòlù mẹ́ta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n sì gba ife náà pẹ̀lú pẹnárítì. Ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àyípadà tí ènìyàn lè tọ́ka sí ló fún ìgboyà náà ní ibi tó máa gbà.

Ìbínú ọ̀gá náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iye tó ń náni. Ní oṣù kejì ọdún 2003, lẹ́yìn tí Arsenal lu Manchester United nínú FA Cup, Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá United, ta bàtà kan nínú yàrá ìmúra, bàtà náà sì bà David Beckham lókè ojú. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí sáà náà parí tí Beckham fi lọ sí Real Madrid.

Ẹ tún ṣọ́ èdè tí ẹ ń lò. Ní Ìkòròdú, ikọ̀ kan lè ní ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn pọ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fi Yorùbá ṣe ẹ̀fẹ̀, tí àwọn méje rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́rin yòókù yóò rò pé àwọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ fi èdè Pìjìn sọ ohun tó bá kan gbogbo wọn.

Ọmọ kan wà tó mọ bọ́ọ̀lù gan-an ṣùgbọ́n tó ń da gbogbo wọn rú. Ṣé ká lé e?

Ẹ má kánjú, ẹ má sì fà á pẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé nínú Ife Àgbáyé ọdún 2010. Nicolas Anelka bú akọ́nimọ̀ọ́gbá Raymond Domenech ní ìsinmi ààrin nígbà tí wọ́n ń kojú Mexico. Ìwé ìròyìn gbé e jáde, wọ́n lé Anelka lọ sílé, àwọn yòókù sì kọ̀ láti ṣe ìdánrawò, wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì. Domenech fúnra rẹ̀ ló dúró ka lẹ́tà àwọn agbábọ́ọ̀lù náà fún àwọn oníròyìn. South Africa lù wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi ojúàmì kan ṣoṣo padà sílé.

Lójú tèmi, kì í ṣe lílé tí wọ́n lé e ni ó burú jù níbẹ̀. Wọ́n ti ń bínú sí ara wọn tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni, láti orí ọ̀gá dé orí balógun, tó rí ọ̀nà sọ ọ́ nínú yàrá kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ẹ sọ ohun pàtó tó ṣe, kí ẹ má ṣe sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ti sọ fún gbogbo ikọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ ó fi jẹ ẹni tó kéré jù nínú wọn náà. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó máa lọ. Bí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù bá ń pẹ́ dé láìjìyà, tí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn tó pẹ́ dé sáré yí pápá ká, àwọn yòókù ti mọ iye tí òfin yín jẹ́.

Tí a bá pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́?

Nígbà mìíràn, ó máa ń tù wọ́n lára. Nínú ìdíje Áfíríkà kan náà tí Troost-Ekong ti jẹ balógun, Equatorial Guinea fi 4 sí òdo lu Côte d’Ivoire tó gba àlejò ìdíje náà, wọ́n yọ Jean-Louis Gasset nípò, Emerse Faé tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ bọ́ síbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà sì gba ife. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ti wà nínú ilé ni wọ́n yàn, ẹni tó mọ ẹni tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó tàbí ojúsàájú alámòójútó ló bí wàhálà yín, kóòṣì tuntun yóò bá a níbẹ̀ ni.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù bá wá wò wọ́n?

Gbogbo wọn á di atamátàsé. Láti ìgbà tí ikọ̀ Ikorodu City ti gòkè wọ NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, fún sáà 2024/25, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni wọ́n ti ń gbàlejò, ọkàn àwọn ọmọ ìlú yìí ti gòkè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé àlejò kan tó wọ fìlà wà lẹ́bàá pápá, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kíá á fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn mẹ́ta kọjá. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó ń wo ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe ń wo akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí wọ́n bá mú un jáde. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Àdúrà, ààwẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ṣe àdúrà, kí ọ̀kan ṣí i, kí èkejì parí rẹ̀, bí a ti ń ṣe níbi ìpàdé ìdílé. Ní oṣù ààwẹ̀, ẹ sún ìdánrawò sí ìgbà tí ara lè gbà á. Ní ti oògùn, ẹ fòfin de ẹ̀sùn náà. Ẹni tó bá sọ pé ẹlẹgbẹ́ òun ló di òun lẹ́sẹ̀ ti sọ ohun tí kò sí ẹ̀rí tó lè gbè é tàbí kó tako ó, ikọ̀ kan kì í sì í bọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní sáà kan.

Ọmọ mi ni ó kéré jù níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ń kó aṣọ ìdọ̀tí fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Kò yẹ. Kí ọmọ kékeré gbé omi fún àgbà kò burú, ẹ̀kọ́ ilé ni, ṣùgbọ́n aṣọ ènìyàn méjìdínlógún lórí ọmọ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti di ìyà. Nígbà tí Belgium lu àwọn ará Japan 3 sí 2 nínú Ife Àgbáyé ọdún 2018, lẹ́yìn tí Japan ti kọ́kọ́ gbá méjì wọlé, àwọn ará Japan fi yàrá ìmúra wọn sílẹ̀ ní mímọ́ tónítóní, pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún.

Ẹ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má lọ bá àwọn ọmọ náà fúnra yín, kí wọ́n má baà sọ ọmọ yín di ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá jà. Ẹ ní kí ó kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra, kí balógun jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé náà, kí ẹni méjì máa fọ aṣọ pọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọṣẹ jẹ́ ti ikọ̀. Ẹni tí aṣọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní lè wá sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Sátidé gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.